Irin Tó Sán Nínú Síǹkì: Láti Ìléru Ola-Igbi Dé Ìkòkò Ìkẹjà

Ní ọdún 1904, C. V. Bellamy, tó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ òde fún ìjọba Èkó nígbà náà, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Abúlé kan tí kò jìnnà sí Ọ̀yọ́ ló kọ̀wé nípa rẹ̀. Ola-Igbi ló pe abúlé náà, irin yíyọ́ sì ni iṣẹ́ ìdílé wọn níbẹ̀. Ó ròyìn bí wọ́n ṣe ń wa òkúta irin, bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń fi omi ṣàn án, tí wọ́n sì ń kó o pẹ̀lú èédú sínú ìléru alámọ̀. F. W. Harbord, àgbà onímọ̀ irin ní Ìlú Ọba, bá a yẹ irin náà wò. Irin tó lágbára, tó ní kábọ̀nù nínú dáadáa, ni wọ́n bá níbẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè wa, Afijió, lónìí rò pé ọ̀rọ̀ irin, ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ọmọ ilé alágbẹ̀dẹ ni mí ní Ìminì. Ìdí ẹwìrì bàbá mi àgbà ni mo ti kọ́kọ́ mọ ohun tí iná ń ṣe fún irin, kí n tó lọ lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi nídìí ìkòkò síǹkì ní Ìkẹjà. Ìbéèrè tí àwọn wẹ́dà ń bi mí jù, láti Fìdítì títí dé Awẹ́, ni pé kí ló dé tí irin tó le gírígírí, tí ẹnikẹ́ni kò fi òòlù kàn, yóò ti inú síǹkì jáde tí yóò ti sán. Ìdáhùn mi kò yí padà. Síǹkì nìkan kọ́ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Irin ti gbé púpọ̀ nínú ohun tí yóò sán an dání kó tó dé etí ìkòkò.

Bàbá mi àgbà kò yọ́ irin rí. Irin òyìnbó ti gba ọjà lọ́wọ́ àwọn onílèéru kí wọ́n tó bí i. Samuel Johnson, àlùfáà tó gbé ní Ọ̀yọ́, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ti rí i nígbà ayé tirẹ̀ pé irin tí ọkọ̀ òkun ń kó wá, tó sì pọ̀ lówó pọ́ọ́kú, ń pa iṣẹ́ náà kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kù fún wa ni ìdàrọ́ dúdú tí ọkọ́ máa ń kàn lóko, àti àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń rọ irin tí wọn kò yọ́ fúnra wọn. Sípíríǹgì ọkọ̀ tó ti kú ni bàbá mi àgbà fi ń rọ ọkọ́ àti àdá.

Irin sípíríǹgì kì í ṣe irin yẹpẹrẹ. Bàbá á fi ẹ̀mú gbá a mú nínú èédú, á ní kí a máa fẹ́ná, á sì máa wo àwọ̀ rẹ̀. Bó bá ti pọ́n dénú ni yóò tó gbé e jáde, tí ọmọ owú yóò bẹ̀rẹ̀ sí dún. Bí àwọ̀ náà bá ti ń ṣú, ó ti dáwọ́ dúró, ó ti dá a padà sínú iná. Kò sí bí ọwọ́ ṣe lè kán an tó tí yóò fi tẹ irin tútù. Bí ó bá rí ọmọ iṣẹ́ kan tó ki irin sáàárín òkúta méjì, tó ń fi agbára tẹ̀ ẹ́, ohun kan náà ló máa ń sọ fún un: “Iná ni kí o fi bẹ̀ ẹ́.” Nígbà yẹn, ìwà àgbàlagbà tí kò fẹ́ kí nǹkan òun bàjẹ́ ni mo kà á sí. Ìkẹjà ni mo ti rí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Orí ilé ni síǹkì ti kọ́kọ́ bá wa pàdé. Kó tó dé, koríko la fi ń bolé. Bẹẹrẹ ni koríko náà, òun sì ni ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́ dá lé lórí, nígbà tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin máa ń ru koríko wá fi tún òrùlé ààfin ṣe. Ní ìlú àwọn òyìnbó, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni nǹkan méjì tó di páànù gbà wá. Ní 1742, Paul Jacques Malouin, oníṣègùn tó tún ń ṣe ìwádìí, sọ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Paris pé bí a bá ri irin bọ síǹkì tó ti yọ́, síǹkì náà á lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọ̀rọ̀ náà sùn fún nǹkan bí ọ̀rúndún kan. Ní 1829, Henry Robinson Palmer, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé àṣẹ lórí irin pẹlẹbẹ tí a ká ní gegele-gegele kó lè gbé ara rẹ̀ dúró lórí ilé. Irin Palmer le, ṣùgbọ́n ó ń dípẹtà. Ní 1837 ni Stanislas Sorel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wá gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ lórí ọ̀nà tí a lè gbà fọ irin kí a sì rì í bọ síǹkì gbígbóná. Àwọn oníṣòwò pa irin Palmer àti síǹkì Sorel pọ̀, páànù sì jáde.

Àǹfààní síǹkì ju pé ó bo irin lọ. Òjò á jẹ síǹkì tán kó tó kan irin, àti pé bí nǹkan bá tiẹ̀ ha á débi tí irin fi yọjú, síǹkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ á ṣì máa jìyà nítorí irin náà. Àwọn òrùlé pípọ́n tí àlejò máa ń rí láti orí òkè Màpó ní Ìbàdàn, àwọn tí síǹkì wọn ti tán ni.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ṣùgbọ́n apá Òṣogbo ló yà sí, kò gba ọ̀dọ̀ wa. Títì ló gbé páànù dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ tí wọ́n là ní 1906 wà lára àwọn títì ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà, Fìdítì àti Ìlọrà sì wà lójú ọ̀nà náà. Nígbà tí owó kòkó wá gbéra láàárín ọdún 1950 sí 1960, ilé onípáànù di ohun tí olúkúlùkù ń lépa. Ẹni tí kò ní kòkó rárá a máa fi owó ọsàn kán páànù.

Mo ti rí páànù tó dípẹtà, mo ti rí èyí tí ìjì ká, ṣùgbọ́n n kò rí páànù kan tó sán nínú síǹkì rí. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Irin páànù fẹ́lẹ́, ó rọ̀, kábọ̀nù inú rẹ̀ kéré. Pẹlẹbẹ ló ń wọ síǹkì, kò sí ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, lẹ́yìn tó bá jáde ni wọ́n tó ká a. Kò gbé ìnira kankan wọ inú ìkòkò. Fún ìdí yìí, ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń lo síǹkì ní ilẹ̀ wa láìgbọ́ ọ̀rọ̀ ìsán. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ri àwọn irin tó nípọn, tí a ti tẹ̀, tí a ti lu, tí a ti jó pọ̀, ni ìyọnu dé.

Kí n sọ bí ìkòkò náà ṣe rí fún ẹni tí kò rí i rí. Kòtò gígùn onírin ni, síǹkì tó ti yọ́ ló kún inú rẹ̀, iná sì ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lóde lọ́sàn-án lóru, torí pé bó bá fi lè dì, wàhálà ńlá ni láti tún un yọ́. Síǹkì ń yọ́ bí ooru rẹ̀ bá ti lé díẹ̀ ní 419 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nǹkan bí 450 la máa ń gbé e sí. Kí irin tó débẹ̀, a ó ti fi omi gbígbóná tó ní kọ́sítíìkì fọ òróró ara rẹ̀, a ó ti rì í sínú ásíìdì kó jẹ gbogbo ìpẹtà, a ó ṣàn án, a ó tún rì í sínú omi iyọ̀ síǹkì, a ó sì sá a kó gbẹ. Bí omi bá ṣẹ́kù sínú páìpù tí a dí ẹnu rẹ̀, ó ti di ìbọn nìyẹn, torí náà ihò afẹ́fẹ́ ṣe pàtàkì ju ẹwà lọ. Bí irin bá ti wọlé, síǹkì á máa hó lára rẹ̀, èéfín funfun á bolẹ̀. Ẹni tó wà létí ìkòkò á fi pátákó gba eérú orí síǹkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó fa irin náà jáde, kí ara rẹ̀ lè dán. Àwọn òdòdó tí ẹ ń rí lára korobá àtijọ́, òjé tó wà nínú síǹkì ló ń ṣe wọ́n.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹsẹ̀ òpó iná kan tí n kò ní gbàgbé. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn ló wà nísàlẹ̀, páìpù onígun mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀, wọ́n jó wọn pọ̀ yíká. Ó wọlé ní pípé, ó jáde ní pípé lójú gbogbo wa. Nígbà tó tutù, tí a ń yẹ̀ ẹ́ wò, a rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní igun méjì, lókè ibi tí wọ́n jó pọ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó ni iṣẹ́ pariwo pé síǹkì wa ti ba òpó òun jẹ́. Wẹ́dà rẹ̀ búra pé iṣẹ́ ọwọ́ òun kò lábùkù. Ọ̀gá wa kò bá wọn jiyàn, ó ní kí a fi ayùn rẹ́ igun náà kọjá.

Inú ìsán náà ń dán. Síǹkì ti wọ ibẹ̀, ó bo ògiri rẹ̀ méjèèjì dé ìsàlẹ̀. Ká ní lẹ́yìn tí irin tutù ló sán, tàbí nígbà tí wọ́n ń já a sílẹ̀ látinú ọkọ̀, irin lásán la ì bá bá níbẹ̀. Ibi tí síǹkì bá wọ̀, ó ti là kí síǹkì tó dì. Àyẹ̀wò yìí kò náni ní kọ́bọ̀, mo sì ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá béèrè.

Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan ṣoṣo, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀, ojú igun yẹn ni mo sì fẹ́ dúró lù. Ohun mẹ́ta ló lè wà nídìí irú ìsán bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni títẹ̀ ní tútù. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irú páìpù onígun mẹ́rin bẹ́ẹ̀, irin pẹlẹbẹ tútù ni wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ ká títí yóò fi ní igun. Bí igun náà bá ṣe há tó ni irin ibẹ̀ ṣe jìyà tó. Ara rẹ̀ ti le koko, ó ti lo èyí tó pọ̀ nínú agbára tó ní láti nà. Náítrójìn díẹ̀ tó wà nínú irin á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ jókòó sí ibi tó jìyà náà, ibẹ̀ á sì gan. Bí irin bá wà nílẹ̀ lásán, ìrìn yẹn lè gba oṣù púpọ̀. Nínú ooru 450, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Ní 1932, S. Epstein gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ ASTM ní Amẹ́ríkà lórí irin ilé àti òpó tó ń gan lẹ́yìn síǹkì, irin títẹ̀ ní tútù ló sì wà nídìí rẹ̀ jù lọ. Orí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni ìlànà tí wọ́n ń pè ní A143 dúró lé, tí ọ̀pọ̀ onísíǹkì ń tẹ̀ lé dòní. Ó ní kí inú ibi tí a tẹ̀ yí ká tó ìlọ́po mẹ́ta nínípọn irin, ó kéré tán. Bí kò bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí a tẹ̀ ẹ́ nínú iná, tàbí kí a dá a padà sínú ooru tó sún mọ́ 600, fún wákàtí kan lórí íǹṣì kọ̀ọ̀kan nínú nínípọn rẹ̀, kó lè tú ara sílẹ̀ kó tó wọ síǹkì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí lẹ́nu ọ̀gá wa, mo kàn dákẹ́ ni. Gbogbo ohun tí bàbá mi àgbà ń pariwo lé wa lórí ní Ìminì ló ń sọ.

Ìkejì ni ásíìdì, òun náà ní tirẹ̀. Bó ṣe ń jẹ ìpẹtà, ó ń tú gáàsì háídrójìn jáde, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń wọ inú irin. Irin áńgù àti páìpù tí à ń lò lójoojúmọ́ kì í bìkítà, ooru síǹkì fúnra rẹ̀ á tún lé gáàsì náà jáde. Irin tó le gan-an lọ̀rọ̀ kàn, pàápàá bóòtù tó lágbára jù. Ìdí nìyí tí ìlànà Amẹ́ríkà fi gbà kí a ri bóòtù A325 bọ síǹkì gbígbóná, tó sì ka A490, tó le jù ú lọ, léèwọ̀.

Ìkẹta ló ṣòro jù láti ṣàlàyé, òun náà ló sì dá igun òpó yẹn lára jù, lójú tèmi. Irin kì í ṣe odidi kan. Ẹyọ kéékèèké ló kó ara wọn jọ. Bí nǹkan bá ń fa irin ya láti inú, tí síǹkì tó ti yọ́ sì kàn án lójú ibẹ̀, síǹkì náà lè gba àárín àwọn ẹyọ wọ̀nyí wọlé, bí omi òjò ṣe ń wọ ara ògiri alámọ̀ tó ti yanu díẹ̀. Ohun tó ń fà á ya lè jẹ́ ibi tí wọ́n jó pọ̀, torí pé irin tó yọ́ níbẹ̀ ń sún kì bó ṣe ń tutù. Ó sì lè jẹ́ ìkòkò náà. Irin tó gùn ní mítà kan ń fi nǹkan bíi mìlímítà márùn-ún gùn sí i kó tó gbóná dé 450. Páìpù fẹ́lẹ́, ó tètè gbóná, ó fẹ́ gùn. Irin pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ nípọn, ó ṣì tutù, ó di páìpù mú. Àwọn olùwádìí ní University of Texas ní Austin rí ohun kan náà lẹ́sẹ̀ àwọn òpó iná gíga ojú ọ̀nà wọn: ìsán kéékèèké ní àwọn igun, lẹ́yìn síǹkì, kí afẹ́fẹ́ tó mi òpó náà rárá.

Ohun tó wà nínú síǹkì náà ń dá kún un. Ní Jámánì, níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn kan ń po tánganran àti bismuth mọ́ síǹkì kó lè dán, kó má sì nípọn jù. Irin ilé ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ní 2009, wọ́n gbé ìlànà DASt 022 jáde, èyí tó sọ ìwọ̀n ohun tó lè wà nínú ìkòkò, bí a ṣe gbọ́dọ̀ ya irin, àti irú àyẹ̀wò tí a ó ṣe lẹ́yìn síǹkì. Mo fẹ́ràn ìlànà yẹn gidigidi, torí pé kò di ẹ̀bi ru ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó ya irin, ẹni tó jó o, àti ẹni tó rì í, olúkúlùkù ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní 2001, òpó onísíǹkì pọ̀ lójijì. Láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, ẹ kò lè rìn jìnnà kí ẹ má rí ọ̀kan. Àwọn òpó fóònù oníwàǹwà wọ̀nyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ sán nínú síǹkì, ìdí rẹ̀ sì dùn mọ́ mi: áńgù lásán ló pọ̀ jù nínú wọn, ó wọ ìkòkò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, bóòtù ni wọ́n fi so ó pọ̀ lókè lẹ́yìn náà. Kò sí ẹni tó jó o, kò sí èyí tó di ìkejì mú bí ooru ṣe ń wọ̀ ọ́. Òpó iná tó dúró ní ẹyọ kan, tó ní irin pẹlẹbẹ nísàlẹ̀, ló yẹ ká máa fojú sí.

Irú ìyẹn ló sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí. Òpó iná oòrùn wọ àwọn àdúgbò, ìdúró táǹkì omi bórúhóòlù wà lẹ́yìn ilé púpọ̀, àwọn tó lówó díẹ̀ sì ń fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí Èkó láti rì í bọ síǹkì, torí wọn kò fẹ́ kùn ún lọ́dọọdún. Àwọn wẹ́dà tó wà lójú ọ̀nà Fìdítì kì í ní ìléru tí wọn yóò fi tú irin lára. Ohun tí mo ń bá wọn sọ ni ohun tí apá wọn ká. Kí wọ́n má ṣe fi òòlù ká etí irin tútù di igun. Bí igun bá di dandan, kí wọ́n fi iná gáàsì pọ́n ibẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bí irin bá nípọn, kí wọ́n fi díríìlì lu ihò, torí ẹ̀rọ tó ń fi ipá gún irin ń fi ara líle sílẹ̀ yí ihò náà ká, bí ó bá sì jẹ́ pé gígún ni wọ́n gún un, kí wọ́n gún un kéré, kí wọ́n wá fi díríìlì fẹ̀ ẹ́. Kí irin pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ má nípọn ju páìpù lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Kí wọ́n há ìdàrọ́ ojú ibi tí wọ́n jó kúrò, torí síǹkì kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Kí wọ́n lu ihò afẹ́fẹ́ sí òkè àti ìsàlẹ̀ gbogbo páìpù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn ti ra fóònù kan báyìí tí ó fi ń ya àwòrán gbogbo ojú ibi tó bá jó pọ̀ kí iṣẹ́ tó lọ sí Èkó, ó sì ń fi ẹfun kọ nínípọn irin sí ara iṣẹ́ náà. Bí iṣẹ́ bá padà dé pẹ̀lú ìlà lójú igun, ó máa ń gbé e wá fún mi pẹ̀lú àwòrán, kí a jọ rẹ́ ẹ wò bóyá síǹkì wà nínú rẹ̀.